Ohun Tó Wọ Inú Dúrọ́ọ̀mù Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí orí ṣe ń gbóná fún èèyàn láyé Sáàpù, kó gba ẹnjiníà tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ sínú ilé, kó sì fún un ní èédú àti ògiri funfun. Mo rí ọ̀wọ́n gààrí nígbà yẹn, mo rí ìgbà tí karosíìnì di ohun tí à ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, n kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ àbúrò mi àti ìṣirò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kí ara lè tù mí.

Ọṣẹ ni mo ń tà ní ọjà Ṣàngó, lápá ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Abẹ́òkúta. Ọṣẹ gígùn tí a fi ń fọ aṣọ ni o, èyí tí à ń gé ní kékeré fún ẹni tí kò lè ra odindi. Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń já a sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ mi, èmi náà á sì máa pàṣẹ fún àwọn tó ń rù ú bí ìyàwó gómìnà. Nígbà tí Sáàpù dé, ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ ìdí, bíi pé àwọn ni wọ́n ra ṣòkòtò fún wa. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà kò rí kẹ́míkà òkè òkun rà mọ́. Ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, kò dé mọ́ rárá. Kì í sì í ṣe tiwọn nìkan. Ní gbogbo Ọ̀tà nígbà yẹn, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó máa ń kún débi pé èèyàn ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn díẹ̀ ló kù tó ń gùn ún, kálukú sì na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ẹni tí wọ́n ti lé lọ sílé.

Ìsọ̀ mi bá ṣófo. Ìṣòro tèmi sì nìyí, ẹ fi í sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé: lọ́jà wa, ìsọ̀ kì í ṣófo. Bí oṣù bá parí tí kò sí ọjà lórí ìsọ̀ rẹ, Màmá tó jẹ́ olórí ìlà wa á fi ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹkún kò sì ń yí i lọ́kàn padà. Ìsọ̀ tí mo ti jókòó sí láti ìgbà tí mo ti ń pọn àkọ́bí mi! Obìnrin kan tó ń ta òkìríkà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí mi láràárọ̀. Kì í ṣe èmi ló ń kí. Òrùlé ìsọ̀ mi ló ń kí.

"Ẹ kú ìjókòó o, Ìyá Ọlọ́ṣẹ," á wí báyìí, ojú rẹ̀ á sì máa wọn igi ìsọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀. "Òjò kì í jò síbí, àbí?"

"Kì í jò," ni mo fi dá a lóhùn. "Oòrùn náà kì í débí. Lọ máa ṣa aṣọ òkú rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà.

Àsìkò yẹn ni wọ́n dá ọkọ àbúrò mi dúró nílé-iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò irin ńlá kan tí wọ́n ń pè ní riákítọ̀ ló wà níkàáwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń se òróró pọ̀ mọ́ kẹ́míkà títí á fi máa fà bí oyin, kí wọ́n tó fi ṣe ọ̀dà. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe kó rò ó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó sí ọ́fíìsì, kó fi ìṣirò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ gbọ́ irú iṣẹ́. Àwa yòókù, ìgbà tó bá jóná tán la máa ń mọ̀. Ilé tí wọ́n háyà l'Ágbárá, onílé kò fẹ́ gbọ́ àlàyé, òun àti àbúrò mi bá kó wá sí yàrá ẹ̀yìn nínú ilé mi. Kò ṣe nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́ ju kó jókòó kó máa wo àwọn adìyẹ mi, bí ẹni tó fẹ́ fi ìṣirò mọ èyí tó máa yé ẹyin.

Lọ́jọ́ kan ló bá dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ọṣẹ tí ẹ ń wá kiri yìí?"

"Ọṣẹ ni."

"Àdín ni, omi, àti kọ́sítíìkì sódà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdín kún Adó-Odò. Kọ́sítíìkì, mo mọ ẹni tó ṣì ní díẹ̀ nílẹ̀. Ẹ sì ní dúrọ́ọ̀mù."

"Dúrọ́ọ̀mù omi mi nìyẹn."

"Riákítọ̀ ni láti òní lọ."

Nígbà tí mo fi máa ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti ya dúrọ́ọ̀mù mi sára ògiri ilé ìdáná, ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kùn nítorí ọdún. Ọfà kan wọ inú rẹ̀ láti òkè, ọfà kan ń jáde nísàlẹ̀, òmíràn ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìrù ewúrẹ́. Mo bi í pé ta ni dúrọ́ọ̀mù mi ṣẹ̀ tó fi ń ta á lọ́fà báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jáde, tàbí kó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta."

"A jẹ́ pé o ò tíì fi oúnjẹ rán ọmọ ẹlòmíràn níṣẹ́ rí."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ní bí a bá wọn gbogbo ohun tó wọlé, tí a sì wọn gbogbo ohun tó jáde, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ooru. Bí kọ́sítíìkì bá pàdé àdín, wọ́n á gbóná fúnra wọn láìsí iná, ooru yẹn kò sì lè sọnù: díẹ̀ á wà nínú ọṣẹ, díẹ̀ á bá omi tó ń fẹ́ lọ, díẹ̀ á gba ara irin jáde. Bí òun bá ti mọ gbogbo ìwọ̀nyí, òun á sọ bó ṣe máa gbóná tó kí a tó da ohunkóhun sí i.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni mo bi í. "Ọṣẹ ni mo fẹ́."

"Bó bá gbóná jù, á hó tú síta, á bó ara èèyàn. Bí kò bá gbóná tó, kò ní di ọṣẹ."

"Kò sí bí mo ṣe bi ọ́ tí o ò ní mú ẹ̀rù dání."

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ó kọ́kọ́ dùn ún wò. Ó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì àdúgbò, èyí tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó wọn àdín díẹ̀, ó wọn kọ́sítíìkì, ó wọn omi, ó pò wọ́n nínú ìkòkò kékeré kan. Ó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ó ní ká wo ògiri, ká wá wo tẹmómítà. Ibi tí ògiri ní ooru máa dé, ibẹ̀ gan-an ló dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọṣẹ ti dì, ó funfun, ó le. Mo gé e, mo fi fọ ìró kan, ó hó kúṣú-kúṣú. Mo ní kò burú. Lẹ́nu mi, ìyẹn pọ̀.

Mo bá kó gbogbo ohun tó kù nínú òwò mi lé àdín. Èmi àti àbúrò mi la jọ gba ojú ọ̀nà Ìdì-Ìrókò lọ sí Adó-Odò, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń fún àdín, ọ̀rẹ́ ìyá tó bí wa. A rà á ní garawa-garawa, a dà á sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì, a fi píkọ́ọ̀pù gbé e wálé. Bí a ṣe sọ̀ ọ́, Ẹnjiníà kò tiẹ̀ kí wa kú ìrìnàjò.

"Garawa mélòó?"

A sọ fún un. Ó kọ ọ́ sára ògiri. Òṣùwọ̀n oníbúrẹ́dì kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e lé e, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sáré dé òpin, á wà níbẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Torí náà ó ti wọn àdín kún garawa kan rí, díẹ̀díẹ̀, ó ti mọ ohun tí garawa kan wúwo tó. Ó wá fi iye garawa sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ní òótọ́ ni. Ta ni kò mọ garawa?

Ọjọ́ tí a máa da nǹkan pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ wo àṣehàn. Ó lé gbogbo wa sẹ́yìn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wọ bàtà ńlá tí wọ́n fún un nílé-iṣẹ́, ó di ìmú, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní ìkòkò ńlá kì í tètè tutù bí ìkòkò kékeré, pé ooru tó bá wà nínú rẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà jáde, nítorí náà èyí máa gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ, ká má sún mọ́ ọn. Ó da omi kọ́sítíìkì sí i, ó ń fi igi gígùn rò ó. A ń retí. Àwọn adìyẹ ń retí.

Kò gbóná tó.

Ó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Ó wọ ilé ìdáná lọ wo ògiri, ó jáde, ó tún wọlé. Ó ní afẹ́fẹ́ ló ń jí ooru òun gbé. Ó bá kó àpò ìrẹsì yí dúrọ́ọ̀mù ká. Kò tó o. Mo ṣáà rí i tó jáde láti inú yàrá mi, aṣọ ìbora mi lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọyẹ́ o!

"Ẹnjiníà, gbé aṣọ yẹn sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ooru ń jáde láti ẹ̀gbẹ́."

"Láti ẹ̀gbẹ́ tèmi náà ló ti ń jáde! Èmi kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù, ta ló máa fi àpò yí mi ká?"

Ó fi aṣọ náà bò ó. Bí a ṣe jí lọ́jọ́ kejì, a ṣí i. Ọṣẹ kò dì. Nǹkan kan ló wà níbẹ̀, ó rọ̀, ó ń yọ̀, òróró ń sun lójú rẹ̀ bí òógùn lójú ẹni tí wọ́n mú lọ́jà. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, n kò lè yọ ọ́ mọ́ kúrò lára ìka. Gbogbo òwò mi ni mo ń nù sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn. Oṣù ti fẹ́ parí. Mo ronú kan olókìríkà àti òrùlé ìsọ̀ mi.

Ẹlòmíràn á bẹ̀ wá. Ẹnjiníà kò bẹ̀ wá. Òṣùwọ̀n ló gbé jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu nǹkan yìí sínú ike kékeré kan, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí oòrùn fi kanrí. Lẹ́yìn náà ló kó ojú wá bá mi, ojú náà pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ó pọ̀ jù."

"Kí ló pọ̀ jù?"

"Ohun tó jáde. Ó ju ohun tó wọlé lọ."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó máa pọ̀ sí i. Sọ àmín."

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè rí bẹ́ẹ̀!"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, n kò tíì rí ẹni tí ẹrù rẹ̀ lé tó wá ń bínú. Ṣé ìyẹn la fẹ́ pe àrùn? Ó ní òun kò bínú sí i pé ó lé, pé ohun tó bá lé gbọ́dọ̀ ti ibì kan wọlé. Ó ní ooru náà ń jẹ́rìí sí i. Ooru tí kọ́sítíìkì mú wá kò dín rárá, àwọn tó jẹ ẹ́ ló pọ̀, bí ìgbà tí a se ọbẹ̀ fún ẹni márùn-ún tí ẹni kẹfà wá fi abọ́ rẹ̀ ti àárín wọn. Ó fi ìwúwo ṣírò ẹni kẹfà náà, ó fi ooru ṣírò rẹ̀, èsì méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ó tó nǹkan bíi garawa kan.

"Ohun kan wọ inú dúrọ́ọ̀mù yìí tí ẹ ò sọ fún mi."

"Àfi bí adìyẹ bá ṣu sí i."

Ó ní omi ni. Ìyá arúgbó ló bu omi lu àdín. Mo ní kó fọ ẹnu rẹ̀, ọ̀rẹ́ ìyá wa kì í ṣe olè. Ó bu díẹ̀ nínú àdín tó kù nídìí kẹ́ẹ̀gì sínú ṣíbí, ó gbé e sórí iná. Bí omi bá wà níbẹ̀ á máa ta pàrà-pàrà. Kò ta. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Garawa mélòó lẹ rà?"

"Mo ti sọ fún ọ."

"Ṣé o kà á dáadáa?"

Hẹn-ẹn. Àbúrò mi tí kì í sọ̀rọ̀, ó fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àbí o fẹ́ sọ pé garawa bímọ lójú ọ̀nà? Ṣé èmi ni mo gbé ẹ̀bi rẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé ọ níbi iṣẹ́, o ò rí ẹlòmíràn ṣírò àfi èmi!"

"N kò ní ìwọ ni."

"Ta ni ìyàwó rẹ kejì tó lọ s'Ádó-Odò?"

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni mo wá di ẹni tó ń gbé iṣẹ́ láàárín wọn, láàárín yàrá kan ṣoṣo. Ẹ sọ fún un pé omi ìwẹ̀ ti gbóná. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́. Mo ní bí ẹ bá tún rán mi níṣẹ́ kan sí i, ẹ máa ní láti ya èmi náà sára ògiri, pẹ̀lú ọfà.

Nígbà tó sú mi, mo ní kí Ẹnjiníà dìde, ká jọ lọ s'Ádó-Odò, kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ bi arúgbó náà léèrè. Mo fẹ́ kó lọ gba ìtìjú níbẹ̀ kó lè jẹ́ ká sinmi. Nínú ọkọ̀, gbogbo ọ̀nà, ó ń fi ìka kọ nǹkan sí orókùn rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í rọra sún sí ọ̀dọ̀ mi.

A bá arúgbó náà lórí àpótí rẹ̀, ó ń wọn àdín fún obìnrin kan láti Òwòdé. A kí i, ó kí wa, ó béèrè àwọn ọmọ, ó ní ká jókòó. Ẹnjiníà kò jókòó. Ó dúró ti garawa bí ọlọ́pàá. Arúgbó bu àdín kún garawa kan dé ojú ìlà, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì obìnrin náà, ó ní, "Ọ̀kan." Ó mú igbá ọwọ́ rẹ̀, ó bù ú, ó dà á lé e. Ó tún bu àdín kún garawa, ó dà á, ó ní, "Èjì." Ó tún bu igbá.

"Kí nìyẹn?" Ẹnjiníà pariwo débi pé obìnrin Òwòdé fò sókè.

"Èwo, ọmọ mi?"

"Èyí tí ẹ bù sí i yẹn!"

"Èènì ni."

"Ẹ ò kà á!"

Arúgbó wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó rọra bi mí bóyá ara ọkọ wa yá. Obìnrin Òwòdé fi ọwọ́ bo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ bu èènì rẹ̀ padà.

"Ta ló ń ka èènì?" ni arúgbó wí. "Bí mo bá kà á, ó ti di títà nìyẹn."

Ẹnjiníà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú èèpo ẹkùrọ́, pẹ̀lú ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí ẹ wá, ṣé wọ́n fún yín ní eléyìí?"

"Wọ́n á ṣe máà fún mi? Lórí garawa kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ gbàgbé, èmi ni mo rán wọn létí."

"Mo bi yín léèrè, mo bi yín títí, pé kí ló tún wọlé!"

"O bi mí pé kí la rà. A ò ra èènì. Wọ́n fún wa ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ? Ṣé bí o bá bi mí pé kí la jẹ, màá ka iyọ̀ fún ọ?"

Ẹ̀rín bá gbé e, irú ẹ̀rín tó ń bọ̀ wá di ẹkún bí a kò bá ṣọ́ ọ. Arúgbó náà bá a rín láìmọ ohun tó ń rín sí. Kí Ẹnjiníà tó dìde, ó ti dá àbá fún mi: pé lọ́jọ́ mìíràn kí n sọ fún ìyá pé n kò fẹ́ èènì, kí iye tí a kà lè jẹ́ iye tó wọlé.

Mo wò ó pé bóyá oòrùn ti mú un. Kí n kọ èènì? Kí arúgbó tó mọ ìyá mi gbọ́ pé mo kọ ọwọ́ rẹ̀? Kí ó máa rò pé mo fura sí igbá rẹ̀, tàbí pé mo ti rí oníbàárà mìíràn? Mo sọ fún un ní pẹrẹu pé bí ìṣirò rẹ̀ kò bá lè fara mọ́ èènì, ìṣirò ló máa kó kúrò nílé mi. Ó ní ó dáa, kí arúgbó ṣáà fún òun ní iye tí igbá ń gbà. Arúgbó ní ó sinmi lé ẹni tó bá wá, àti bó bá ṣe kí òun. Ẹnjiníà di orí mú. Ó sọ̀rọ̀ kan lédè òyìnbó tí n kò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó bí mi nínú jù: òun àti ògiri rẹ̀ ló jàre. Kí ó tó rí igbá yẹn ló ti mọ bó ṣe tó. Nígbà tí a délé, ó lọ síwájú ògiri, ó ya ọfà mìíràn wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Mo ní kó kọ èènì sídìí rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, kò rán mi. Àbúrò mi ní òun ti gbọ́, kó máa lọ. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín sí i.

Kò sí àdín tuntun tí mo lè rà, èyí tó wà nílẹ̀ yẹn náà la gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ó ṣírò kọ́sítíìkì tí èènì ń fẹ́, kò lé, kò dín. Ó ní bó bá lé, á jẹ ọwọ́ àwọn oníbàárà mi. A kó gbogbo nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ yẹn padà sínú dúrọ́ọ̀mù, a dáná jẹ́jẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ó rọra ń da omi kọ́sítíìkì sí i, èmi àti àbúrò mi ń rò ó títí apá fi fẹ́ já. Mo bú u. Mo bú riákítọ̀. Mo bú ìjọba. Bí mo ṣe ń bú wọn ni igi ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ń ki, ó ń fà. Ẹnjiníà ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó fi hàn mí. Mo wò ó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. A dà á sínú àpótí pákó. Lọ́jọ́ kejì, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò wọlé.

Ọjọ́ tó ṣẹ́kù nínú oṣù kò ju ọjọ́ kan lọ. Mo ti ń wá agbọ̀n tí màá fi gbé e lọ sọ́jà nígbà tí Ẹnjiníà na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ò lè tà á, Ẹ̀gbọ́n."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

"Ó ti dì, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Kọ́sítíìkì tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń bá àdín ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá tà á báyìí, á bó wọn lọ́wọ́, wọn ò sì ní padà wá bá yín láéláé."

"Ọ̀la ni wọ́n máa gba ìsọ̀ mi!"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn, ìwé kò gbà á. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, tí mo mu omi, mo jókòó, mo rò ó. Màmá olórí ìlà kò sọ fún mi rí pé kí n tajà. Ó ní kí ọjà wà lórí ìsọ̀.

Nígbà tí mo dé ọjà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti àbúrò mi àti alábàárù kan, olókìríkà ti so ṣòkòtò sí ìṣó ìsọ̀ mi. Ó ń fi gèlè gbá eruku. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo ń tú ṣòkòtò sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń to ọṣẹ. Ó figbe ta, ó ní ilẹ̀ ti mọ́, oṣù ti parí. Mo ní oṣù ń parí, kò tíì parí. Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Abẹ́òkúta yí wa ká.

Màmá dé, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú ọṣẹ kan, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó fi kan pákó, ó dún kò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Nílé mi ni, Màmá. Àwa la ṣe é."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi, àti àbúrò mi, àti wàhálà kan tó fẹ́ ẹ."

Obìnrin kan láàárín èrò ti na ọwọ́. Ó ní kí n gé méjì fún òun. Mo ní kò tíì tó tà. Ó ní kí ló fẹ́ kó ṣe kó tó tó. Mo ní kó gbẹ. Olókìríkà pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ ti gbọ́ báyìí! Kì í ṣe pé ó ń tajà. Ó kó o wá dí àyè ni!"

Màmá wo ọṣẹ, ó wo ṣòkòtò tí mo ti kó jọ sílẹ̀, ó wo mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá gé ọ̀kan péré, gbogbo ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ń yún mi. Mo rí ọwọ́ obìnrin yẹn tó nà sí mi, ó mọ́, ó rọ̀, mo sì fi ọ̀bẹ bọ àárín ìró mi.

"Mo ní kí ọjà wà lórí ìsọ̀," ni Màmá wí níkẹyìn. "Ọjà wà lórí ìsọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣòkòtò, kó lọ bá a níbi tó wà tẹ́lẹ̀." Ó fi ọ̀pá ti olókìríkà níbàdí, ó ń lọ. Ó tún yíjú padà. "Bó bá gbẹ, ìwọ, èmi ni kí o kọ́kọ́ gé fún."

Mo jókòó sórí àpótí mi. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: nígbà tí n kò ní ọṣẹ, kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi ń pa àtùpà ìlà wa, àwọn oníbàárà kò yéé wá. Àwọn mìíràn bẹ̀ mí. Ọkùnrin kan ní ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò sí ọṣẹ nílé. Obìnrin ọwọ́ mímọ́ yẹn padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó bú mi, ó bú ilé tí mo ti wá, ó ní èmi ni irú àwọn tó ń kó ọjà pamọ́ tí Sáàpù fi le. Èmi, tí mo lè ta iyanrìn fún ẹni tó ń gbé létí òkun, mo ká apá mi méjèèjì lórí ọṣẹ mi, mo ń lé oníbàárà. Mo ń fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé kọ́sítíìkì ṣì ń bá àdín ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń sọ ọ́. Orí mi fẹ́ fọ́.